Iṣẹ́ Àṣetiléwá fún Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀

"Dúró jẹ́ẹ́, Ìyá Ìwé! Bí píìnì bá gún ọ, báńkì ò ní bá ọ ra oògùn o."

Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, píìnì mìíràn wà láàárín ètè rẹ̀. Aránṣọ ni, ó sì ń parí kóòtù dúdú tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní báńkì. Láti kékeré ló ti ń pè é ní Ìyá Ìwé, nítorí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Ó ti wá gboyè ọ̀mọ̀wé báyìí, ó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́dọọdún ni wọ́n fún un: bí ọdún bá parí, wọ́n lè ní kó dúró, wọ́n sì lè ní kó máa lọ. Iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ni báńkì fẹ́ fún un ní tiwọn, wọ́n sì ń retí èsì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Màmá, yunifásítì lè padà gbà mí pátápátá."

"'Lè' yẹn ò ṣeé sè jẹ." Ìyá yọ píìnì lẹ́nu. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, kí la fi rán ọ níléèwé? Ṣebí owó tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ń san fún wa ni. Ó ti lọ, ó ṣì ń bọ́ wa."

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó wo àwòrán bàbá rẹ̀ lókè ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ó dáa, mà. Màá lọ dágbére fún wọn."

Bó ṣe wọ kíláàsì tòun ti kóòtù náà, ariwo sọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Mà, ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kóun kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ lórí ooru ná, kóun tó sọ ohun tó gbé òun wá. Àfi bí ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ṣe nawọ́ sókè lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irin àga yìí tutù ju pákó ẹ̀ lọ. Inú yàrá kan náà sì ni wọ́n jọ sùn mọ́jú."

Ni gbogbo kíláàsì bá ń fọwọ́ kan àga. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní òótọ́ ni. Ìyá Ìwé gbàgbé kóòtù, ó gbàgbé báńkì, ó kọjú sí pátákó.

Nígbà tó délé, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ti bo apá kóòtù méjèèjì.

"Ṣé o sọ fún wọn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo gbàgbé, Màmá. Wọ́n béèrè nǹkan kan ni... Mo tún wá fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá. Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ó di ẹ̀rọ mú kó má baà ṣubú. "Ẹni tó lọ dágbére! Ó lọ fún wọn níṣẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbójú sókè wo àwòrán ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Bí yunifásítì bá ní kóo máa lọ ńkọ́?"

"Màá sunkún, màá sì wá iṣẹ́ mìíràn."

"Ibí yìí ni kóo ti wá sun ún. Wàá máa bá mi tú òwú bí o bá ṣe ń sunkún."

Ọmọ náà pe báńkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, ó ní òun ò ní lè wá. Ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Bọ́ kóòtù yẹn wá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àpò ẹ̀ ò ní gba ṣọ́ọ̀kì, màá rán an kó fẹ̀ sí i. Irú ìbéèrè wo tiẹ̀ ni?"

Ó sọ fún un. Ìyá gbé ọwọ́ kan lé irin ẹ̀rọ, ó gbé èkejì lé pákó tábìlì rẹ̀.

"Háà! Òótọ́ mà ni. Kí ló fà á?"

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ni, Màmá. Ẹ lọ rò ó wá."