Tapólì Onígun Yẹ́lò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mo mọ iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá dé gáréèjì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ ní ẹ ń wá Ọ̀gá Tapólì, ọmọdé gan-an á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mò ń rán tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí lọ́rì kí òjò má bàa pa á. Ibi tí tapólì sábà máa ń ti ya ni igun, níbi tí okùn ń gbà wọlé, nítorí náà mo máa ń fi aṣọ yẹ́lò tó nípọn rán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìṣẹ́po méjì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà á rí yẹ́lò yẹn lókèèrè, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ Ọ̀gá nìyẹn." Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nǹkan mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa mi ni pé n kì í ka àbùkù mọ́ iṣẹ́. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tapólì tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní tà á, mi ò sì ní fẹnu kàn án. Màá jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tán. Bí ẹnì kan bá bi mí nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo lè búra pé mi ò rán irú ẹ̀ rí, kò sì ní jọ irọ́ lójú mi rárá.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni. Lọ́jọ́ tí àwọn agbésùnmọ̀mí ju bọ́ǹbù sí gáréèjì wa, abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló wà, ó ń tún un ṣe. Bàtà rẹ̀ la fi dá a mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa gbọ́ ọ: kí ìjọba kó bàálù lọ sínú igbó tí àwọn ènìyàn burúkú yẹn ń gbé, kí wọ́n sun ún ráúráú, kí gbogbo wa ráyè sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká fara balẹ̀, màá bi í pé ṣé bọ́ǹbù ti pa ọmọ ìyá tìẹ náà rí.

Ìyàwó mi nìkan ni kò gbà fún mi. Etí igbó yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé, tó ń sun igi di èédú. Eléèédú ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Olówó-orí mi," ìyàwó mi ní, "àwọn tí ẹ ní kí wọ́n lọ sun yìí, ṣé wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ni? Ẹni tó wà nínú bàálù lókè lọ́hùn-ún, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ẹni tó gbé ìbọn yàtọ̀ sí ẹni tó gbé àáké?"

"Àwọn sójà mọ iṣẹ́ wọn," mo dá a lóhùn.

"Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń sọ nìyẹn, pé ẹ mọ iṣẹ́ yín."

Inú bí mi. Mo ní, "Ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Kì í ṣe ọmọ ìyá tìẹ ló kú."

Ó wò mí títí, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àwọn agbésùnmọ̀mí dá lọ́rì kan lọ́nà. Tapólì tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó wọ igbó lọ. Ọ̀gá sójà kan sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́ ni, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn tapólì tí wọ́n jí yẹn. Kí la lè fi dá wọn mọ̀ láti òkè?"

"Kò le rárá," mo ní. "Igun rẹ̀ ni kí ẹ wò. Yẹ́lò ni. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ níbòmíràn."

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ní in lágbègbè igbó yẹn? Àgbẹ̀, ọdẹ, ẹnikẹ́ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, bíi pé ó fi mí wọ́lẹ̀. "Ọ̀gá sójà, àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù nìkan ni mò ń ránṣẹ́ fún. Yẹ́lò tí ẹ bá ti rí nínú igbó, àwọn ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ ìyá mi ni wọ́n pa. Ṣé ẹ rò pé màá fi ìyẹn ṣeré ni?"

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí ara mi ti yá tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, rédíò kéde pé bàálù ológun ti ba ibùdó àwọn agbésùnmọ̀mí jẹ́ nínú igbó, pé kò sí ẹni tó yè níbẹ̀. Gbogbo gáréèjì hó yèè. Mo ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí, mo sì ń fọ́nnu pé ohun tí mo sọ ni wọ́n fi rí wọn. Onítáyà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní kí wọ́n yáa sọ mí di ọ̀gágun, pé abẹ́rẹ́ mi ju ìbọn lọ. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wà ní ilé ìdáná, fóònù wà létí rẹ̀.

"Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ò lọ," ó ní.

"Iná rẹ̀ ló tán. Nínú igbó tó wà yẹn, níbo ló ti fẹ́ rí iná?"

Ó tún pè é. Èmi jókòó, mo jẹ oúnjẹ mi, mo tún bu sí i.

Ọ̀gá sójà náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti nǹkan kan tó dì sínú ọ̀rá. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo ní kí n mú èyí wá fún yín láti ibẹ̀, kí ẹ fi rántí àbúrò yín."

Igun tapólì kan ni, iná ti jó etí rẹ̀. Mo fẹ̀rín gbà á. Mo yí i padà láti wo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá, bí ẹni iṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń ṣe. Òwú búlúù ló wà níbẹ̀.

Òwú dúdú ni mo fi ń rán tapólì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òwú dúdú tán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀lẹ mú mi, tí mo fi búlúù parí igun tó kù. Ó tún wọ́. Mo mọ̀ pé kò sí dẹ́rẹ́bà tó máa gbà á, mo jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ló rí i níbẹ̀, tó ní ẹ̀gbọ́n òun á lè máa fi bo èédú tí òjò bá ń rọ̀. Mo ní kó gbé e. Mo tiẹ̀ bá a ká a, mo bá a gbé e sínú ọkọ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá sójà ń bi mí ní ìbéèrè, kò wá sí mi lọ́kàn páàpáà, torí pé àbùkù ni, èmi kì í sì í ka àbùkù mọ́ iṣẹ́.

Mo bi í pé, "Kí lẹ bá lọ́wọ́ wọn níbẹ̀?"

"Ṣé ti ìbọn ni? A ò rí ìbọn. Ó jọ pé àwọn tó sá lọ ló kó o. Àáké la rí, àti iná tí wọ́n ń dá. Èéfín wọn gan-an la kọ́kọ́ rí kí a tó rí yẹ́lò."

Rédíò ní kò sẹ́ni tó yè. Òun ní àwọn kan sá lọ. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé." Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo ki igun tapólì náà bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ìyàwó mi ń pe fóònù lójoojúmọ́. Mò ń gbọ́ ọ láti yàrá, mò ń ṣe bí ẹni tó sùn. Ó ní òun á lọ wo ẹ̀gbọ́n òun, mo ní ọ̀nà ò dáa. Ó ní kí èmi lọ, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Nínú ilé ara mi, mò ń yọ́ rìn bí olè.

Àfi bí bọ́ǹbù mìíràn ṣe bú, níwájú ilé ìfowópamọ́, nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Gbogbo wa wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí rédíò sọ ọ́. Nígbà tó yá, onítáyà yí ojú sí mi, kì í ṣe pé ó ń bá mi jà o, ó kàn ń bi mí ni.

"Ọ̀gá, wọ́n ní wọ́n ti pa wọ́n tán. Àwọn wo wá ni wọ́n pa?"

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mú igun tapólì náà, mo gbé e lọ sílé, mo fi í sórí ẹsẹ̀ ìyàwó mi níbi tó jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè ọ̀gá sójà títí dé orí "Ẹ ṣé" tí mo wí. Ó ń fi ìka tọ òwú búlúù náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mo gbàgbé ni," mo ní. "Mo fi ọmọ ìyá mi tó kú búra, mo gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé. Ẹ ò kà á kún ni." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Ẹni tó jí tapólì, ṣé ó máa fi yẹ́lò yín sílẹ̀ lára rẹ̀ kí bàálù lè rí i? Ọjọ́ tó jí i gan-an ló máa gé e dànù. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀. Ó máa ń fi han àwọn èèyàn pé ọkọ àbúrò òun ló rán an fún òun."

Èmi ni mo bú sẹ́kún. Òun ò sunkún. Ó wé gèlè rẹ̀, ó ní kí n dìde, a forí lé bárékè àwọn sójà.

Ọ̀gá sójà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e padà. "Rédíò ti gbé e, Bàbá. Mi ò lè dá a padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe agbésùnmọ̀mí," ìyàwó mi ní.

"Mo gbọ́, mà. Àmọ́ wọ́n pa èèyàn ní gáréèjì, wọ́n pa ní ilé ìfowópamọ́. Ṣé ká káwọ́ gbera ká máa wò wọ́n ni? Bàbá gan-an ló ní ká lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Èmi ni mo ní kí ẹ lọ."

Ó wá ní a lè lọ gbé òkú wa, wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn sójà òun á mú wa débẹ̀. Kí a mú ohun tí a máa fi dì í wá. Ní ti ohun tí rédíò pè é, ó ní apá òun ò ká a.

"Apá ọkọ mi ká a," ìyàwó mi ní.

Ó mú mi lọ sí gáréèjì, ó sì dúró tì mí níwájú bẹ́ǹṣì. Mo sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó mu ẹlẹ́rìndòdò mi. Mo ní kì í ṣe ibùdó agbésùnmọ̀mí ni bàálù bà jẹ́, pé àna mi ni wọ́n pa, Eléèédú, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n tẹ̀ lé lọ. Mi ò sọ pé kí sójà má jà o. Ọmọ ìyá tèmi náà kú, mi ò tíì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí èmi ṣe. Onítáyà sọ ojú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi, ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé tapólì tuntun tí a máa fi di òkú Eléèédú sórí ẹ̀rọ, mo ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rán an gbọọrọ, kò wọ́ níbì kankan. Nígbà tó ku igun, ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Mo rò pé ìyàwó mi ò ní fẹ́ rí yẹ́lò mọ́ láyé.

Mi ò lè gbójú sókè. Mo bi í pé, "Ṣé kí n fi yẹ́lò sí i?"

"Ẹ fi sí i," ó ní. "Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí gbogbo ẹni tó bá rí i mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni."

Mo fi sí i.