Àwẹ̀ró Ń Kàwé fún Bàbá

Òòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ó pọ́n, ó rọ̀, bí ẹ̀yinná tí wọ́n ń fi eérú bò. Ìmọ́lẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ń yọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń rá gba orí sìmẹ́ńtì, ó sì dúró lára páálí tí dẹ́rẹ́bà já sílẹ̀ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Páálí ti ṣí. Ìwé kún inú rẹ̀. Ìwé rẹ ni, Àwẹ̀ró. Mo tún un sọ kí etí mi lè gbà á gbọ́: ìwé rẹ ni, ìyàwó mi.

Mo fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde. O jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Bàbá Búsàrí fẹ̀yìn ti àga ìnàyìn wọn, wọ́n gbójú sókè. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, gbogbo lẹ́tà ti di eèrà níwájú wọn, nítorí náà etí ni wọ́n fi ń kàwé. Lọ́jọ́ tí páálí dé, o gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ jòjòló lára, wọ́n sì dá a padà fún ọ. "Kà á fún mi," ni wọ́n wí. "Gbogbo rẹ̀."

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, o ń kà, wọ́n ń gbọ́. O ń kà, ewúrẹ́ ń wọlé lọ sùn. O ń kà, èmi ń wò ọ́.

Àwọn tó wà nínú ìwé yìí kì í ṣe ènìyàn. Àwọn Oníná ń gbé inú ìràwọ̀ kan, ara ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀: bí inú bá bí wọn, àyà wọn a pọ́n, bí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n a ṣú. Àwọn Amilẹ̀ ń gbé inú ìràwọ̀ kejì. Wọn kò lójú rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń mì, gbì, gbì, gbì, ọ̀rọ̀ wọn ló ń lọ yẹn. Ogun ti jẹ ìhà méjèèjì dé egungun. Wọ́n wá rán ikọ̀ kan, Rúúrú lorúkọ rẹ̀, pé kí ó lọ jókòó sí àárín, kí ó bá wọn wá àlàáfíà.

O yá èdè tiwa fún wọn níbẹ̀ yẹn, Àwẹ̀ró, o sì mú ẹ̀rù bà mí. Ohùn díẹ̀ ló ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọrẹ. Wọ́n ní kí Rúúrú mú ọ̀rẹ́ wá. Ó mú ọ̀rẹ́ wá, ọ̀rẹ́ sì di ọrẹ. Ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n bí i sí, òun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ogun tó dúró. Rúúrú fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀, ilé kan, ilé kan, ilé kan, títí ojú ọ̀run ibẹ̀ fi dà bí ojú ẹni tó sùn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn náà ṣú. Ìdí nìyẹn tí àwọn òǹtẹ̀wé kò fi gbà á. Ọ̀kan nínú wọn ní Ìbàdàn rẹ́rìn-ín títí: "Ìyáàfin, ta ni yóò ka ìtàn ará ìràwọ̀ ní Yorùbá?" Èkejì ka ìwé náà tán, ó kan sáárá sí ọ, ó wá ní kí o jẹ́ kí ìràwọ̀ kékeré yẹn yè. O wò ó lójú. "Kò yè," lo wí. O kó ìwé rẹ, o sì wọ ọkọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ yẹn lo sọ fún mi pé ìwọ fúnra rẹ ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìbínú. O fọwọ́ ara rẹ tò ó sínú kọ̀ǹpútà, o fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọmọ lọ́rùn. Nílé ìtẹ̀wé, wọ́n ní kí o jẹ́ káwọn yọ àmì wọ̀nyẹn kí iṣẹ́ lè yá. O fa àga, o jókòó tì wọ́n, o ní bí àmì kan bá bọ́, ayé kan ló bọ́ yẹn. Ní ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí orúkọ òǹtẹ̀wé máa ń wà, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Mo ti fi ìka tọ ipa rẹ̀ títí. Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró nìkan.

Ṣùgbọ́n o kò sọ fún Bàbá ibi tí ìtàn náà ti wá. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Nígbà tí o wà ní kékeré, ìlú wa àti àwọn ará òdìkejì odò ń jà nítorí ààlà ilẹ̀. Oko jóná. Ènìyàn kú. Wọ́n rán Bàbá Búsàrí pé kí wọ́n lọ bá àwọn ará òdìkejì jókòó, nítorí ohùn wọn tútù, wọ́n sì lè mú sùúrù. Bàbá lọ, ìjà sì parí. Abúlé Ìdí-Emi ni Bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ará òdìkejì kí ìjà tó parí: Ìdí-Emi tí wọ́n bí ọ sí, Ìdí-Emi tí wọ́n sin ìyá Bàbá sí. Àwọn ará abúlé di ẹrù wọn. Àwọn kan ń pe Bàbá ní olùlàjà, àwọn kan ń pè wọ́n ní ẹni tó ta ilé. Mùtíù, àbúrò Bàbá, kó lọ sí Ìlọrin, kò sì fẹsẹ̀ kan ilé yìí mọ́.

Bàbá kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. O bi wọ́n nígbà tí o ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, wọ́n ní kí o lọ bu omi wá. O bi wọ́n nígbà tí o ti dàgbà, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa. O wá gbé ìbéèrè náà gòkè, o gbé e jìnnà, o gbé e kọjá òṣùpá, síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní orúkọ tí a mọ̀. Níbẹ̀ lo ti tún un béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ òní lo dé ojú ewé náà. Èjìká rẹ ni mo fi mọ̀. Ohùn rẹ lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń kùn ládùúgbò ti dákẹ́, ewé kò mì, o sì ń kà:

"Rúúrú gbé ọwọ́ lé òkúta àdéhùn. Níwájú gbogbo wọn, ó bú sẹ́kún."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró."

O dúró.

"Ibẹ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Ohùn wọn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. "Ikọ̀ yẹn kò sunkún níbẹ̀. Ó délé kó tó sunkún."

O da ìwé dé sórí itan. "Kí ló dé tí kò sunkún níbẹ̀, Bàbá?"

"Tó bá sunkún, wọ́n á mọ bí ohun tó fi sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á tún béèrè sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó bá wọn jẹun. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ìgbà tó ń bọ̀ nílé, ó gba Ìdí-Emi kọjá. Ẹnìkan ń gúnyán. Àwọn ọmọdé sáré pàdé rẹ̀, wọ́n ń kí i káàbọ̀. Wọn ò tíì mọ̀."

Ìdí-Emi. Mo gbọ́ ọ. Orúkọ náà jáde lẹ́nu wọn, ó sì dúró nínú afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa bí ìràwọ̀ tó kọ́kọ́ yọ. Mi ò mọ ibi tí ayé parí sí mọ́, mi ò mọ ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò kà á ti ṣí ẹnu tí gbogbo wa kò lè ṣí. Mo wo ọwọ́ rẹ, ọwọ́ kékeré tó ń gbo aṣọ, tó ń ro ọbẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Nínú ìwé rẹ," ni Bàbá tún wí, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn, "ṣé àwọn ará ibẹ̀ dárí jì í?"

Mo mọ̀ pé o lè parọ́. Ìwọ náà mọ̀.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò kọ ọ́."

Bàbá mi orí. Wọ́n tún mi orí. "O ṣeun tí o kò kọ ọ́. Èmi náà ò mọ̀." Ọwọ́ wọn ń wá ọ kiri nínú afẹ́fẹ́, ó rí èjìká rẹ, ó sì balẹ̀ síbẹ̀. "Tún ibẹ̀ yẹn kà fún mi. Kà á bó ṣe rí."

O ṣí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ mọ́, o kò sì wo ojú ewé. Ojú Bàbá lò ń wò.

"Rúúrú gbé ọwọ́ lé òkúta àdéhùn," lò ń kà. "Kò sunkún níbẹ̀. Ó délé kó tó sunkún."

"Ó délé," ni Bàbá ń gbè é lẹ́yìn rẹ. "Ó délé kó tó sunkún."

Omi ń ṣàn lójú wọn, ó ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò nù ún. O ń kà, wọ́n ń gbè é. Ó délé. Ó délé. Ó délé.