Eyín Tó Ń Dán Àgbàdo Wò

Bí ẹ bá dé àdúgbò yẹn tí ẹ bèèrè ọ̀gá àgbẹ̀, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Eyín-Irin lẹ ń wá, ajá ilé pàápàá á mú yín débẹ̀. Kì í ṣe pé oko bàbá náà tóbi. Eyín rẹ̀ ló lókìkí. Ẹni tó bá kórè àgbàdo, tó sá a, tí kò wá mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó láti kó pa mọ́, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá fún un. Bàbá á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á fi eyín ẹ̀yìn pa á, á sì tẹ́tí. Bó bá dún kọ́ọ́, ó ti gbẹ. Bó bá dún kẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá dún rárá, á bojú wo olóko náà, á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ lónìí ni?" Gbogbo wa la léyín, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́ọ́ àti kẹ́ẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ti ń gbọ́ kọ́ọ́ yẹn láti ọdún márùndínlógójì. Ìgbà tó bá gbọ́ ọ ló máa ń mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún parí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó gbé abọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ọkọ rẹ̀ jókòó lé, ó ń retí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ìyá Ìbejì ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó ti gbẹ," ni bàbá wí. "Jẹ́ ká kó o."

Obìnrin náà fọwọ́ ra etí ara rẹ̀. Ó ní àgbà ti dé, etí òun ti ń di. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí nǹkan ò bá lọ dáadáa láàárín àwọn àti ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Wọ́n kó àgbàdo sínú àgbá irin mẹ́rin, wọ́n fi rọ́bà so ìdérí wọn pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ lè kú. Oúnjẹ wọn títí dìgbà ìkórè mìíràn ló wà níbẹ̀, àti irúgbìn tí wọ́n máa gbìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Ìbejì ń gbálẹ̀ yàrá tí àgbá wà, ó fọwọ́ ti ọ̀kan lára wọn. Irin tó yẹ kó tutù lọ́wọ́ òwúrọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó tú rọ́bà. Òórùn burúkú kan lù ú nímú. Omi ń sun lábẹ́ ìdérí. Ó ti apá bọ àgbàdo náà dé ìgúnpá, ó gbóná nínú, ó sì rin. Èyí tó bù jáde ti ń hu funfun.

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí àgbàdo nìkan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé etí òun ò di. Àgbàdo yẹn ò dún ni. Káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò sì ń gbé àgbàdo tirẹ̀ bọ̀ wá dán wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ mẹ́fà ni káfíńtà bí. Bí Eyín-Irin bá tún sọ fún un pé ó ti gbẹ ńkọ́?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó pe ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan àgbá yìí."

Bàbá fọwọ́ kàn án. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó jábọ́," ló wí.

"Kí ló jábọ́?"

"Eyín. Eyín ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó kù sí mi lẹ́nu. Mò ń jẹun lọ́wọ́, mo bá gbé e mì. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i pé ó dàbọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Ìyá Ìbejì, ó gbé e mì. "Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Eyín-Irin tí ò léyín! Kí ni wọ́n á tún wá ṣe nílé yìí?"

"Èmi tí mo ti wà nínú ilé yìí ńkọ́? Ṣé eyín ni mo fẹ́ ni?"

Bàbá ṣáà ń wo àgbá. "Oúnjẹ wa, Arẹwà. Mo fi ìtìjú ba oúnjẹ wa jẹ́."

Wọ́n da àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ dé ìdajì. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bo ìdajì náà mọ́lẹ̀, nítorí àgbàdo tó bá ti hu báyẹn, adìyẹ gan-an ò gbọdọ̀ ṣà á jẹ. Mẹ́ta yòókù kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, wọ́n tún wọn tẹ́ sóòrùn pẹ̀lú ìdajì tó kù. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ lọ, Ìyá Ìbejì ní kí òun sọ fún káfíńtà pé ara bàbá ò yá.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Irọ́ kan ti jẹ wá ní ìdajì àgbá. Kò ní jẹ ti ọmọ ọlọ́mọ."

Káfíńtà dé, ó tú aṣọ tó fi di àgbàdo. "Bàbá, ẹ bá wa gbọ́ ọ o."

Bàbá mú ẹyọ kan, ó wò ó, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀. "Eyín mi ti tán, káfíńtà. Àgbàdo tèmi gan-an ti hu, èyí tó kù là ń tún sá yìí. Ìyá Ìbejì, fi eyín tìẹ pa á."

"Èmi? Mi ò mọ kọ́ọ́ yàtọ̀ sí kẹ́ẹ̀ o!"

"Ta ló ní kó o mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin tí kò di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú níta rí láti ọdún márùndínlógójì dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, lójú káfíńtà, lọ́sàn-án gangan. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gún un. Ojú Ìyá Ìbejì gbóná, ó gbàgbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Pa á," ni bàbá wí jẹ́jẹ́.

Ó pa á.

"Kẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Ọjọ́ méjì sí i, káfíńtà." Ṣùgbọ́n kò tíì gbé etí rẹ̀ kúrò.

Káfíńtà di àgbàdo rẹ̀, ó ní òun á padà wá lọ́túnla. Ìyá Ìbejì ní kó bu èyí tó pọ̀ wá, ẹyọ kan ò tó gbọ́.