Okun Tó Dé Ìlọrin

Sìdíkàt kì í ṣe ẹni tí ń sá fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, àyà rẹ̀ ń já. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tó ti Ìlọrin dé, níbi tó ti lo ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Sùlèímánì. Ó kan páànù sórí igi mẹ́rin ní Kàbà, ìlú rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ayewa, ó pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ń wá o, ṣùgbọ́n ìran ni wọ́n ń wò. Wọ́n á kí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wa mọ́tò wọn sọdá sọ́dọ̀ Thomas, mẹkáníìkì àgbà tó wà ní òdìkejì títì.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tó wọlé ni ti Bámigbóyè, alága àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ayewa. Lọ́dún tó kọjá, ọ́ìlì gbóná jù nínú ẹ́ńjìn rẹ̀ lórí òkè, kò mọ̀, àfìgbà tí ẹ́ńjìn náà kú. Ìyẹn ló jẹ́ kó ra sẹ́ńsọ̀ tí yóò máa wọn ìgbóná ọ́ìlì, pẹ̀lú géèjì kékeré tí yóò máa fi í hàn án. Ó ní bí Sìdíkàt bá dè é tó ṣiṣẹ́, gbogbo awakọ̀ òun di oníbàárà rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Thomas ni yóò wá parí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Sìdíkàt níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani.

Sìdíkàt yọ bọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìn, ó da ọ́ìlì sínú abọ́ mímọ́, kó lè de sẹ́ńsọ̀ sójú ihò rẹ̀. Ẹni bíni là ń jọ. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè bí ẹ̀rọ omi bá ń jò, téèpù funfun tí wọ́n ń wé mọ́ ẹnu páìpù kì í sì í wọ́n nínú ilé wọn. Sìdíkàt wé téèpù náà mọ́ ọrùn sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀meje, ó dè é le, ó da ọ́ìlì padà, ó so wáyà kan ṣoṣo tó ní mọ́ géèjì. Kò jò rárá. Inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n tan mọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún. Bónẹ́ẹ̀tì gbóná débi pé kò ṣe é fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ géèjì kò mira. Bámigbóyè wo abẹ́rẹ́, ó wo Sìdíkàt, ó wá wo òdìkejì títì níbi tí Thomas jókòó sí tó ń jẹ ẹ̀pà. Ìtìjú bo Sìdíkàt. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ní Ìlọrin, “ẹ kú iṣẹ́” ló fi ń kí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti padà sílé. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kàbà ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ náà kò sì dára.

“Ọ̀gá, okun o. Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ni mo…”

“Okùn?” Ohùn Sùlèímánì ti le. “Ta ní kó o wé okùn mọ́ sẹ́ńsọ̀? Wáyà kan ló ní, ara ẹ́ńjìn ni ìkejì rẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ kan irin. Tú u kúrò.”

Fóònù já.

Sìdíkàt ya ẹnu, kò lè pa á dé. Òun ò tíì ròyìn nǹkan kan. Ta ló wá sọ ohun tí òun wé fún ẹni tó wà ní Ìlọrin? Ó ní kí ọ́ìlì kọ́kọ́ tutù díẹ̀, ó tún dà á, ó tú téèpù náà dànù tán pátá, ó fi wáṣà bàbà nìkan dè é padà, ó sì da ọ́ìlì sí i. Òun àti Bámigbóyè wa mọ́tò gba ọ̀nà òkè lọ. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Omi bọ́ lójú Sìdíkàt. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Bámigbóyè fun fèrè gígùn níwájú ṣọ́ọ̀bù Thomas.

Ibẹ̀ ni Sùlèímánì ti pè padà, ó ní ṣé ó ti tú okùn náà.

“Ọ̀gá, mi ò wé okùn,” ni Sìdíkàt wí. “Mo kí yín ni.”

Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ tán, Bámigbóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti dá mọ́tò dúró. Ó dájú pé kò lè pa irú ìtàn yẹn mọ́nú.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mọ́tò mẹ́rin ti tò síwájú páànù náà. Awakọ̀ àkọ́kọ́ yọ orí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Okun o, ọ̀gá mẹkáníìkì.”

“Mo ti tú u, ẹ̀gbọ́n,” ni Sìdíkàt dáhùn, ó sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì.