Àbúrò Nọ́ńbà Méje

"Ẹ kó gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé wá! Bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tó lè pín nọ́ńbà yìí láìṣẹ́kù, mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí olónìí!"

Olùkọ́ ìṣirò na ṣọ́ọ̀kì sí pátákó bí ẹni yọ idà. 333333331. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wo obìnrin alábẹ̀wò tó ti iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ wá. Látìgbà tí lẹ́tà ìbẹ̀wò ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé olùkọ́ kan máa lọ. Ta ni kò sì mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò tó ti fọdún méjìlá kọ́ni láìsí ọmọ kan ṣoṣo tó yege ni? Nọ́ńbà yìí nìkan ló kù tó lè gbà á.

"Ẹ wò ó, mà," ó ní, òógùn ń bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. "31, kò ṣe é pín. 331, kò ṣe é pín. Ẹ máa fi ẹẹ́ta kún un níwájú títí dé 33333331, méjèèje ló kọ̀ jálẹ̀, àfi oókan àti àwọn fúnra wọn. Ọwọ́ ni mo fi ṣe é! Ìkeje nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ mi."

"Ìkẹjọ tẹ́ ẹ kọ síbí ńkọ́?"

Ìkẹjọ kẹ̀? Bí ẹ̀gbọ́n méje bá nàró ṣánṣán, ṣé àbúrò wọn ló máa wá ya abuké? Kò tilẹ̀ dán an wò. Ẹni tílé rẹ̀ ń jó kì í dúró ka igi àjà.

"Mẹ́tàdínlógún pín in."

Gbogbo ojú yí sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìyá Ìdáná, alásè ilé ìwé, tó gbé omi wá fún àlejò, ṣì di ife mú.

"Kí lẹ wí?"

"Tíṣà, tábìlì mẹ́tàdínlógún ló wà nílé oúnjẹ. Látọjọ́ tí mo ti débí, kò sóhun tí mi ò tíì pín sí mẹ́tàdínlógún: búrẹ́dì, iyọ̀, títí kan ìpọ́njú. Ẹ máa kọ ọ́: oókan, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́fà, òdo, eéje, ẹẹ́jọ, ẹẹ́rin, ẹẹ́ta. Kò ṣẹ́ kù."

Olùkọ́ ṣe é. Ó tún un ṣe. Ṣọ́ọ̀kì kán. Ó pín geere. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ì bá fi mọ̀, ká ní ó gbìyànjú.

Ó wólẹ̀ gbì. "Mà, ẹ forí jì mí! Ìyàwó mi ti lóyún, mi ò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́!"

"Ẹ dìde jàre. Ta ló ní mo wá lé yín?"

Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ dì mọ́ Ìyá Ìdáná, omi ife dà sí i láyà, kò mọ̀.

Alábẹ̀wò ṣí ìwé rẹ̀. "Tábìlì mẹ́tàdínlógún, ẹ ní. Ọmọ mélòó ló ń jókòó tì wọ́n báyìí?"

Ọ̀gá àgbà dẹ́kun àtẹ́wọ́.

"Mọ́kànlélógún péré, gbogbo wọn lápapọ̀," ni Ìyá Ìdáná wí.

Alábẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún wa. Ọjọ́ Ẹtì la máa ti ilé ìwé yìí pa."