Àga Ajẹ́lẹ̀

Títí dòní, bí mo bá rí àga tí wọ́n ń ká pọ̀, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aṣọ, ńṣe ni itọ́ ìríra máa ń kún mi lẹ́nu.

Ọdún tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fẹ́ gun òkè ẹ̀yìn ìlú wa ní Tápà ni. Ó ní òun fẹ́ wo Ayétẹ̀ àti Igangan láti orí rẹ̀. Ẹni tí kò ní oko tí yóò ro, kí ló kù tí yóò ṣe? Adéníran, akọ̀wé rẹ̀, wá sílé wa lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó ní ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí Láwàl ọmọ mi gbé àga ajẹ́lẹ̀ ṣáájú, kí òyìnbó lè bá a lókè. Ó ní omi ò gbọdọ̀ kan àga náà.

Mo ní, “Àyà ń dun Láwàl. Ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.”

Ògúndìran ọdẹ, aládùúgbò wa, náà sọ fún un pé òjò ń bọ̀, pé bí omi bá ti kan àpáta òkè yẹn, ńṣe ló máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Adéníran ń fi ìka tọ etí, ó ń wo ìdọ̀tí tó wa jáde.

Láwàl lọ ní ìdájí. Kò pẹ́ tó lọ tí òjò dé. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè, ó gbé bàtà lé àpáta, bàtà yọ̀, ó sì gbé e kúrò kíá. Adéníran yíjú sí èmi àti Ògúndìran tí a tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀.

“Ajẹ́lẹ̀ ní a ò gùnkè mọ́. Ọ̀nà yìí ò dáa fún èèyàn. Èrúwà là ń lọ.”

“Láwàl ńkọ́?”

“Ẹ ní kó tọ́jú àga.”

Búrẹ́dì tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ kù ló ń jẹ lọ.

Ògúndìran ní kò sẹ́ni tó lè gùn ún nínú òjò yẹn. Mo jókòó sẹ́sẹ̀ òkè títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń ronú ibi tí a ó sin ọmọ mi sí. Ìgbà tí òjò dá díẹ̀ ló fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìhòòhò ni láti ìbàdí sókè, eékún rẹ̀ ti bó, àga wà lọ́rùn rẹ̀. Bùbá rẹ̀ àti aṣọ ìbora rẹ̀ ló fi wé àga.

A délé. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

“Ìyá mi, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò. Ṣé ó tutù?”

Mo tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Ìjókòó àga gbẹ táútáú.

“N ò jókòó lé e rárá,” ni Láwàl wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo ti rò pé Adéníran ló gba gbogbo ìríra tó wà níkùn mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rín yẹn kó mi nírìíra ju ìka inú etí lọ, ẹ̀rín ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́.

Mo tú aṣọ kúrò lára àga, mo fún un gbẹ níbi tó ti rin, mo fi bo ọmọ mi. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé àga lọ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo ṣí i sílẹ̀, mo dúró tì í títí omi fi dúró nínú ìjókòó rẹ̀.

Láwàl ń bẹ̀ mí láàárín ikọ́. Àga ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.