Sìpàràdà Imú Kàsúmù

Ní Kambolé, ọ̀bọ lè jẹ àgbàdo gbogbo èèyàn, kì í dé ti Kàsúmù. Kì í ṣe pé Kàsúmù ní oògùn o. Oorun ọ̀sán ló máa ń sùn nínú ahéré rẹ̀, ìhanrun rẹ̀ a sì máa bá a ṣọ́ oko. Àwọn ará Koussountou tó bá ń gun alùpùpù kọjá lójú ọ̀nà igbó a dẹsẹ̀ dúró, wọn a ní ta ló ń la pákó lọ́hùn-ún? Sèínábù ìyàwó rẹ̀ fi òwú dí etí títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì bá a jà lé e lórí rí, àfi ọjọ́ kan tí òrùlé ń jò, tó ní ìhanrun ọkọ òun ló ṣí páànù.

Lẹ́yìn ikú Sèínábù, Kàsúmù dá sùn títí ó fi sú u. Ìgbà náà ló rí Jàríátù. Opó ni, irú ló ń tà ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, inú ilé Sàká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń gbé. Ó ga, ó pupa, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun. Kàsúmù gbé iṣu lọ sọ́jà, ó ra irú bọ̀. Ó tún lọ, ó tún ra irú. Ó di ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ Ràbíátù bi í léèrè:

"Bàbá, ṣé irú la ó máa gún nílé yìí ni, àbí iṣu?"

Ọ̀rọ̀ Kàsúmù àti Jàríátù wọ̀. Ṣùgbọ́n Jàríátù ní àdéhùn kan.

"Bàbá Ràbíátù, ẹ gbọ́," ó ní. "Bùràímọ̀ tó fẹ́ mi tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó ń hanrun. Gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò fojú kan oorun. Mo ti búra pé mi ò tún ní sùn ti ọkùnrin tó ń hanrun. Mo sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín ní Tchamba."

"Àwọn ọ̀tá ni."

"Ó dáa. Ẹ wá kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ ó sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Màá jókòó tì yín, màá máa ṣa irúgbá mi, màá sì máa fetí sílẹ̀."

Kàsúmù délé bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ fi agbọ̀n pọnmi. Ó fẹjọ́ sun Àkàndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú. Ọmọ Àkàndé kan, Ládiípọ̀, ti sá lọ sí Jámánì ní ọdún ìyanṣẹ́lódì ńlá, nígbà tí àwọn èèyàn ń ru ẹní gba ẹnubodè kọjá sí Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé: ọṣẹ, ìbọ̀sẹ̀, àti oògùn tí kò sẹ́ni tó mọ àrùn tí wọ́n wà fún. Àkàndé tú àpótí, ó fa páálí kékeré kan yọ. Àwòrán òyìnbó kan wà lára rẹ̀ tó ń sùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀.

"Sìpàràdà imú," Àkàndé ní. "Irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ egbò ni, àmọ́ ó ní nǹkan líle nínú tó ń fẹ́ padà nà. Ó máa ń fa ihò imú sọ́tùn-ún sósì, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ládiípọ̀ ló sọ fún mi."

Kàsúmù lẹ ọ̀kan. Àkàndé wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O dà bí àgbò tó lọ kan ògiri!"

Kàsúmù fi í sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe Ràbíátù pé kó wá jẹ́rìí.

"Ó dínkù o," Ràbíátù ní. "Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta ni. Ní báyìí, ó ku ọlọ."

Ìnira kan ló wà níbẹ̀. Bí Kàsúmù ṣe ń ṣe àlùwàlá, tó fi omi bójú, sìpàràdà ṣí, ó já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó lọ bi àlùfáà. Àlùfáà ní omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara, nítorí náà kó máa yọ ọ́ kó tó ṣe àlùwàlá. Kàsúmù bá pinnu pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni òun yóò tó lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀yẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Tchamba, tí èèyàn kì í mọ̀ pé òun yóò ṣàárò rẹ̀ àfìgbà tó bá jìnnà sí i, kún imú gbogbo èrò inú ọkọ̀. Kí Kàsúmù tó dé Komah, imú rẹ̀ ti dí pa. Ó kírun, ó jẹ iyán Jàríátù, ó yà sẹ́yìn ilé, ó lẹ sìpàràdà rẹ̀, ó sì wọ pálọ̀.

"Kí lẹ lẹ̀ mọ́ imú?"

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí."

"Ẹ̀fọn wo ló ń jáde lọ́yẹ́?"

"Ti Kambolé ni."

Jàríátù gbé àtẹ irúgbá lé itan. Àwòrán Ààrẹ ń wò wọ́n láti ara ògiri, bó ṣe ń wo gbogbo èèyàn ní gbogbo pálọ̀ ìgbà náà. Rédíò ń yìn ín lọ. Sàká kì í pa rédíò nígbà tí wọ́n bá ń yin Ààrẹ, torí aládùúgbò ní etí. Ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kéèyàn má sùn.

Oorun ni kò wá. Kàsúmù dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, ó di ojú pinpin, ẹ̀rù ń bà á. Ibẹ̀ ló wà tí ìró kan fi sọ: *haaan-rrrun.* Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: "Mo gbé! Mo tilẹ̀ wá ń hanrun láìsùn!" Ó sé èémí. Ìró náà kò dákẹ́, ńṣe ló tún lé sí i. Kàsúmù rọra la ojú kan. Jàríátù ti gbórí lé etí àtẹ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àwọn hóró irúgbá sì ń fò sókè bó ṣe ń mí.

Sàká já wọlé láti iwájú ìta.

"Kàsúmù! Háà! Àwọn onízémì tó ń gbérò níta ní alùpùpù ta ló ń kú lọ nínú ilé mi!"

Jàríátù ta jí. Hóró irúgbá kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ fúnra yín!" ó ní. "Látìgbà tí mo ti jókòó, mi ò ṣẹ́jú. Etí mi fẹ́ di!"

Kàsúmù dìde jókòó. Bó bá sọ òótọ́, ó ti dójú ti obìnrin nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn onízémì yóò sì gbé ìròyìn náà dé àdúgbò Kouloundè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá dákẹ́, Jàríátù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó wo hóró irúgbá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ọ̀yẹ́ ni."

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni ládàánì ti pe ìrun Alásàrí. Sàká ti bútà omi síwájú àlejò rẹ̀.

"Ẹ ṣe àlùwàlá, ká máa lọ. Oorun yín ti ba ti Jímọ̀ jẹ́."

Ọkàn Kàsúmù ti wà lójú ọ̀nà Tchamba, bí yóò ṣe dá ara rẹ̀ gbé padà sílé.

"Rárá," ó ní, "ti Jímọ̀ ṣì wà lára mi."

Ẹnu ti já. Ọmọdé kéwú mọ̀ pé ẹni tó bá sùn ti pàdánù àlùwàlá rẹ̀.

"Kàsúmù," Sàká ní, "ọ̀rọ̀ ìrun kì í ṣe eré. Ṣé ẹ sùn, àbí ẹ ò sùn?"

Kàsúmù wolẹ̀. "Mi ò sùn."

Sàká wo rédíò. Ó wo àwòrán Ààrẹ lára ògiri, ó tètè gbójú kúrò níbẹ̀. Ó wá wo àbúrò rẹ̀.

"Jàríátù, ìwọ ńkọ́? Ṣé ti Jímọ̀ ṣì wà lára tìẹ náà?"

Jàríátù gbé àtẹ kúrò lórí itan. Ó wo bútà pẹ́. Ó nawọ́, ó gbé e, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Sàká fọwọ́ ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Yé, Bùràímọ̀! Ọkùnrin tó máa ń gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní ooru ló ń mú òun! Nínú ọ̀yẹ́!"

Lẹ́yìnkùlé, ìró omi dúró. Nígbà tí Jàríátù wọlé, ojú rẹ̀ tutù, hóró irúgbá ti ṣí kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kò sọ fún mi rí," ó ní jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Kàsúmù. "Ẹ̀yin náà ò sì fẹ́ sọ."

"Mi ò fẹ́."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá sọ, ta ni yóò máa ta irú fún mi?"

Jàríátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sé e mọ́nú. Ó na ìka sí imú Kàsúmù.

"Ẹ̀fọn Kambolé yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù nínú páálí?"

Wọ́n so yìgì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Páálí Jámánì kò pẹ́ tó fi tán, Ládiípọ̀ kò sì tètè fi òmíràn ránṣẹ́. Títí Kàsúmù fi darúgbó, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìhanrun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Kambolé, Jàríátù a gbèjà rẹ̀, a ní irọ́ ni, òun kò gbọ́ ọ rí lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ló sì ń sọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sùn.